Ajá tí kò tíì gbọ́ ìpè, okùn gígùn ló tọ́ sí i

Bí ẹ bá ń mú ajá rìn lórí òkè nílùú ọba níbí, ó dájú pé ẹ ti gbọ́ gbólóhùn yìí: "Má ṣèyọnu, kò ní ṣe ọ́ ní nǹkan kan, ó kàn fẹ́ bá ọ ṣeré ni." Láti ọ̀ọ́kán ni olówó ajá ti máa ń pariwo ẹ̀, ajá á sì ti dé ara rẹ kí ọ̀rọ̀ tó dé etí rẹ. Ó ti sú mi. Mo fẹ́ sọ tinú mi lónìí, ẹni tó bá máa bínú kó máa bínú.

Ní Sátidé tó kọjá, èmi àti Tanímọ̀la, ajá mi, gba abẹ́ Stanage Edge kọjá, ìyẹn ògiri àpáta gígùn kan ní Peak District, agbègbè olókè kan ní England. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mọ̀ mí tipẹ́ mọ Tanímọ̀la. Beagle ni, irú ajá ọdẹ kan, imú ẹ̀ ló ń darí ẹ̀, kì í ṣe etí. Ehoro ni wọ́n ń fi ìran wọn dọdẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Bí òórùn ehoro bá ti kan imú ẹ̀, o lè pè é títí ohùn rẹ á fi há, kò ní wojú rẹ. Kì í ṣe àfojúdi, bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi okùn mítà 10 mú un rìn.

Inú òun náà ń dùn lọ́jọ́ yẹn. Ó ń lọ síwájú, ó ń tú koríko, ó ń fi imú wá abẹ́ òkúta, èmi ń tẹ̀lé e. Mo bá fọn fèrè, ó sáré padà wá gba ẹran adìẹ díẹ̀, ó tún lọ. Nígbà tá a yọ sí ibi tí àgùntàn ti ń jẹ̀, mo ká okùn náà sọ́wọ́ títí Tanímọ̀la fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Bí mo ṣe ń lò ó nìyẹn. Ibi tí àyè bá wà, mo tú u. Ibi tí ẹran ọ̀sìn bá wà, mo ká a.

Ibẹ̀ la wà tí ajá ńlá kan fi ń sáré sọ̀kalẹ̀ bọ̀ láti orí òkè. Kò sí okùn kankan lára ẹ̀. Olówó ẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́nà jíjìn, ó ń pariwo gbólóhùn yẹn. Ajá náà yí wa po, Tanímọ̀la sá sẹ́yìn ẹsẹ̀ mi, ó ń gbọ̀n, mo sì dúró sáàárín àwọn méjèèjì. Kó tó di pé ọkùnrin náà dé ọ̀dọ̀ wa, ajá ẹ̀ ti rí àwọn àgùntàn. Ó gbéra. Àwọn àgùntàn fọ́n ká, wọ́n forí lé ibi ògiri òkúta, ọ̀kan nínú wọn, èyí tí wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí lẹ́yìn, ṣubú sínú ẹrọ̀fọ̀. Ajá náà dúró lé e lórí, ó ń gbó. Ọkùnrin yìí ń fọn fèrè, ó ń pe orúkọ ajá ẹ̀, ó tún ń pè é. Ajá ò tiẹ̀ yíjú. Ó pẹ́ kó tó débẹ̀ kó tó rí i mú. Mo gbà pé kò bu àgùntàn náà jẹ. Àmọ́ nígbà tí àgùntàn máa dìde, ó ń tiro.

Oṣù kọkànlá la wà yìí, ìgbà tí àgbò ń gun àgùntàn lórí òkè wọ̀nyí. Àgùntàn tó bá lóyún, tí wọ́n wá lé e títí jìnnìjìnnì fi bò ó, oyún ẹ̀ lè bàjẹ́ láìjẹ́ pé eyín ajá kàn án. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé eré ni ajá fi ń ṣe.

Mo rò pé ọkùnrin yìí ń bọ̀ wá bẹ̀bẹ̀ ni. Ohun tó sọ ni pé okùn gígùn tí mo fi mú ajá mi ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ajá tó bá wà lórí okùn máa ń bẹ̀rù, ìbẹ̀rù ajá tèmi ló sì kó sí ajá tòun lára. Ó ní ìwà ìkà ni mò ń hù, pé bí mi ò bá lè fi ajá mi sílẹ̀ kó sáré bíi ti ẹgbẹ́ ẹ̀, kí n yáa fi í sílẹ̀ nílé. Gbogbo bó ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, àgùntàn ṣì ń tiro níwájú wa.

Mi ò dá a lóhùn. Ẹ̀yin èèyàn dúdú tẹ́ ẹ̀ ń rìn lórí òkè ilẹ̀ yìí, ẹ mọ ìdí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé èmi nìkan ni aláwọ̀ dúdú lójú ọ̀nà látàárọ̀ dalẹ́. Tó bá jẹ́ Tanímọ̀la ló lé àgùntàn yẹn, ọ̀rọ̀ náà kò ní mọ sórí ajá nìkan. Mo ní ó dàbọ̀, mo bá tèmi lọ, inú mi sì ń ru gùdù títí mo fi délé.

Ìkà wo ló wà nínú okùn gígùn? Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tẹ́ ò lò ó rí. Kì í ṣe okùn kúkurú tá à ń lò ní ìgboro, kì í sì í ṣe èyí tó ń yọ jáde nínú ike tó tún ń fa ara ẹ̀ wọlé. Èyí tinú ike yẹn, mi ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá. Gbogbo ìgbà ló máa ń le, ohun tó sì ń kọ́ ajá ni pé tó bá ti fà, okùn á gùn sí i. Ó tín-ín-rín, ó ń gé èèyàn lọ́wọ́. Okùn tí à ń fi kọ́ ajá ní tiẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, ó dẹ̀, ajá kì í mọ̀ ọ́n lára àyàfi tó bá dé òpin ẹ̀. Ti mítà 5 wà, ti 10 wà, ti 15 náà wà. A kì í so ó mọ́ bẹ́líìtì ọrùn, torí bí ajá bá fi eré àsápajúdé dé òpin mítà 10, ọrùn ẹ̀ ló máa jẹ ìyà ẹ̀. Bẹ́líìtì tó yí àyà ká là ń so ó mọ́, lórí ẹ̀yìn. A kì í sì í wé e mọ́ ọwọ́ tàbí ìka, torí ajá tó bá já gbà lójijì lè ṣẹ́ èèyàn níka. Ṣe là ń ká a ní ìlọ́po-ìlọ́po sí àtẹ́lẹwọ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ ra èyí tí wọ́n fi ike bò, kì í fa omi, ẹrọ̀fọ̀ kì í sì í mú un wúwo. Àwọ̀ ọsàn ni tèmi, kí ẹni tó ń bọ̀ lè tètè rí i.

Ajá tó wà lórí okùn yìí ló ń yan ibi tó fẹ́ fi imú kàn. Ó ń rìn jìnnà sí mi, ó ń ṣe bó ṣe wù ú. Ohun kan ṣoṣo tí kò lè ṣe ni kó kọ ìpè mi kó sì rí èrè nídìí ẹ̀. Ajá tó bá ti lé ehoro lẹ́ẹ̀kan, tó sì gbádùn ẹ̀, ẹran adìẹ tó wà lápò mi kò lè bá ìgbádùn yẹn dù ú mọ́. Okùn yìí ni kì í jẹ́ kó tọ́ ọ wò.

Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn baba ńlá wọn ló jà fún òmìnira láti rìn lórí òkè yìí. Òótọ́ ni. Àwọn òṣìṣẹ́ tó gun òkè Kinder Scout láìgba àṣẹ onílẹ̀ lọ́dún 1932, inú Peak District yìí kan náà ni, wọ́n sì fi àwọn kan nínú wọn sẹ́wọ̀n nítorí ẹ̀. Ẹsẹ̀ èèyàn ni wọ́n jà fún. Òfin ọdún 2000 tó wá fún gbogbo wa láyè láti rìn lórí ilẹ̀ gbalasa ní England àti Wales sọ ti ajá níbẹ̀: láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹta sí ọjọ́ 31 oṣù Keje, okùn tí kò ju mítà 2 lọ ni, torí àwọn ẹyẹ tó ń yé ẹyin sórí ilẹ̀. Níbi tí ẹran ọ̀sìn bá wà, mítà 2 yẹn náà ni, oṣù yòówù kó jẹ́. Láti ọdún 1953 ni òfin ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ajá máa lé ẹran ọ̀sìn. Òfin ọdún 1971 sì dáàbò bo àgbẹ̀ tó bá yìnbọn pa ajá tó ń lé ẹran ẹ̀, bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn tó lè fi dá a dúró. Ní Scotland, láti ọdún 2021, owó ìtanràn ẹ̀ lè tó 40,000 pọ́n-ùn, ó sì lè já sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Ṣé àgbẹ̀ tó bá yìnbọn máa dúró gbọ́ pé ajá yẹn kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan?

Mo ro ẹjọ́ yìí fún ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ìbàdàn lórí fóònù. Wọ́n ní ajá ọdẹ tí bàbá wa àgbà ní lábúlé kò mọ okùn, ṣaworo nìkan ló wà lọ́rùn ẹ̀, ó ń wọgbó ó ń jáde. Wọ́n wá pa á lówe fún mi pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, pé kí n yé da ara mi láàmú. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, mo bọ̀wọ̀ fún yín, mi ò kàn gbà ni. Òwe yẹn da gbogbo ẹ̀bi lé ajá lórí. Ta ló kọ́ ọ ní fèrè? Ajá bàbá wa àgbà ń tẹ̀lé àwọn àgbà ajá wọgbó láti kékeré, ó gbọ́ fèrè, ó sì jẹ ẹran lẹ́yìn fèrè, ọdún dé ọdún. Ẹ̀kọ́ nìyẹn. Kò sí àgùntàn aládùúgbò ní gbogbo ìṣísẹ̀ nínú igbó yẹn. Àti pé àwọn tí wọ́n wọgbó tí wọn ò jáde, ta ló ń sọ ìtàn wọn fún wa?

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan tí ọkùnrin yẹn sọ ò kúrò lọ́kàn mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kọ́ ni mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀. Tanímọ̀la gbọ̀n lóòótọ́. Okùn tó le lára ajá, tí kò jẹ́ kó lè sá kúrò níwájú ohun tó ń bà á lẹ́rù, lè dá kún ìbẹ̀rù ẹ̀. Mo sì ti ká okùn náà kó tó di pé ajá ńlá yẹn dé, nítorí àgùntàn. Kí ni mi ò bá ṣe? Tí mo bá tú u, àgùntàn ńkọ́? Kódà ìlànà tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún ìrìn ní ìgbèríko sọ pé bí màlúù bá ń lé ẹ, kí o jọ̀wọ́ ajá rẹ kó sá. Ìyẹn ni pé ìgbà kan wà tí títú okùn sílẹ̀ ló dáa jù, mi ò sì mọ̀ bóyá màá tètè mọ̀ ọ́n bó bá dé.

Beagle sì ni. Ó ń dáhùn fèrè dáadáa báyìí, ìgbà púpọ̀ ló ti padà wá kí okùn tó le rárá. Ṣé ó ti gbọ́ ìpè nìyẹn, àbí okùn ló ṣì ń gbọ́? Pápá tí wọ́n ṣọgbà yí ká, tá a máa ń háyà ní wákàtí-wákàtí, ló ti ń sáré láìsí okùn, àmọ́ kò sí ehoro níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní beagle, tẹ́ ẹ sì ti bọ́ okùn lára ẹ̀ lórí òkè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí tó fi yín lọ́kàn balẹ̀ fún mi. Ẹ má sọ ti ọjọ́ tí gbogbo pápá dákẹ́. Ti ọjọ́ tí ehoro gbéra níwájú ẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́.