Ṣé aṣọ òkè lásán ni?

Ọjọ́ kẹfà rèé tí ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Ẹ jẹ́ kí n pọ̀ ọ́ síbí, bóyá ara á tù mí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ mí tipẹ́ mọ̀ pé aránṣọ ni mí, pé ẹ̀gbẹ́ géètì fásitì ni ṣọ́ọ̀bù mi wà n'Ìbàdàn níbí, àti pé ọmọ iléèwé ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi. Ọdún kẹtàlá ló ń lọ yìí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, kàlẹ́ńdà sítáì tó wà lára ògiri ni wọ́n máa ń nawọ́ sí: "Àǹtí, ti ẹni kẹta láti apá òkè yẹn." Ní báyìí, fóònù ni. Ọmọ á kàn gbé fóònù sí mi lójú, á ní irú èyí lòun fẹ́, ọjọ́ Ẹtì lòun sì máa wọ̀ ọ́.

Bó bá ti di oṣù kejì ọdún báyìí, mo ti mọ ohun tó ń bọ̀. Kóòtù. Kóòtù tó gùn dé ojúgun, súwẹ́tà tí ọrùn rẹ̀ ga dé àgbọ̀n, bàtà tó bo ẹsẹ̀ dé orúnkún. Nítorí pé láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹta ni wọ́n máa ń ṣe àfihàn aṣọ ìgbà òtútù ní New York, London, Milan àti Paris. Àwọn tó ni ṣọ́ọ̀bù ńláńlá ni wọ́n ń ṣe é fún. Àwọn yẹn á wá wòran, wọ́n á yan èyí tó wù wọ́n, wọ́n á sanwó sílẹ̀, ilé iṣẹ́ á fi bí oṣù mẹ́fà rán an, kí òtútù tó dé aṣọ ti wà lórí igbá. Aṣọ ìgbà ooru wọn náà ńkọ́? Láti oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ti ń fi í hàn. Ètò ọjà ni, ó sì bá ojú ọjọ́ tiwọn mu.

Ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ tí àwọn módẹ́ẹ̀lì bá fi aṣọ yan ní Paris náà ni àwòrán rẹ̀ ń dé họ́sítẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Ọmọ tó rí i kò ní oṣù mẹ́fà tó fẹ́ fi dúró. Aṣọ tí ará Paris gan-an kò tíì ní wọ̀ títí di oṣù kọkànlá, ọmọ tiwa fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí dínà nínú oṣù kẹta, nígbà tí ooru Ìbàdàn mú débi pé gbọ̀ngán ìdáná ló dà bí ibi tó tutù jù nínú ilé. Mo ti fojú ara mi rí ọmọ tó wọ kóòtù tí mo fọwọ́ mi rán, tí láínìn lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, tí òógùn ń kán sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ etí rẹ̀, tó sì ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Mo gbowó iṣẹ́ mi. Àánú rẹ̀ ṣe mí títí alẹ́.

Mi ò ní kí wọ́n má ṣoge o. Ta ni kò mọ̀ pé aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn? Èmi tí mo ń jẹun nídìí oge kọ́ ni màá bá ọmọ jà nítorí oge. Àwa náà ní ìgbà tiwa, a sì ní aṣọ ìgbà. Tí ọyẹ́ bá mú dáadáa, ohun tí ìyá ìyá mi máa ń fà bora ni kíjìpá, aṣọ òwú tó nípọn tí wọ́n fọwọ́ hun nílé. Àwọn ọmọ iléèwé náà sì ní ìgbà tiwọn tí kò sí nínú kàlẹ́ńdà Paris: mátíríkúléṣọ̀n, dínà, ọ̀sẹ̀ àwọn tó fẹ́ jáde, tí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní aṣọ tirẹ̀, jíǹsì lónìí, aṣọ ìbílẹ̀ lọ́la. Bí ASUU bá da iṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo ìgbà wọ̀nyẹn á sún síwájú, iṣẹ́ á dáwọ́ dúró lọ́dọ̀ èmi náà. Ojú ọjọ́ tiwa nìyẹn. Ó dùn mí pé kò sí ẹni tó ń ronú aṣọ lé e lórí.

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n dé ibi tí mo ń lọ.

Ọmọ kan wọlé wá. Ọmọ dáadáa ni, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó bá mi gbé àga tó ṣubú dìde. Ìpele kẹrin ló wà, dínà ẹ̀ka wọn sì ku ọjọ́ mẹ́wàá. Ó tú ọ̀rá dúdú kan sórí tábìlì mi, ọ̀pá mẹ́rin aṣọ tó nípọn bíi búláńkẹ́ẹ̀tì ló wà níbẹ̀, onílà pupa, ilà ewé, ilà aláwọ̀ ọsàn. Ó ní Gbági lòun ti rà á. Mo fi ìka méjì ra á wò. Pọ́líẹ́sítà ni, irú èyí tí áyọ́ọ̀nù bá gbóná sí i díẹ̀, á súnkì, á sì máa rùn bí ike tó jóná. Ó wá fi àwòrán hàn mí: kóòtù onílà tó dúró dáadáa léjìká, tí etí rẹ̀ ní òwú wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tó ń mì. Ó ní, "Àǹtí, Paris ni wọ́n ti wọ̀ ọ́. Bó ṣe rí gan-an ni mo fẹ́ o." Mo pe 35,000 náírà. Kò ná an rárá.

Mo gba fóònù, mo fẹ àwòrán náà tóbi. Ojú ìsopọ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò nínú aṣọ, kó tó di bọ́tìnnì tàbí kọ́là. Mo wá rí i: ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn, wọ́n rán wọn pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láti òkè dé ilẹ̀.

Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, aṣọ òkè lo gbé wá fún mi yìí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Rárá o, Àǹtí. Ẹ wo orúkọ ẹni tó ṣe é."

Mo wò ó. Kenneth Ize ni. Mo bá jókòó, mo ṣàlàyé. Èkó ni wọ́n ti bí Kenneth Ize, ilẹ̀ Austria ló ti dàgbà, ó sì padà wálé wá bá àwọn ahunṣọ wa ṣiṣẹ́, títí kan àwọn ará Ìlọrin. Ní 2019, ó wà lára àwọn tó kángun sí ìparí ìdíje LVMH, ìdíje ńlá fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe aṣọ. Ní oṣù kejì 2020, ó gbé aṣọ òkè lọ sí Paris fún àfihàn àkọ́kọ́ tó ṣe níbẹ̀, Naomi Campbell, gbajúmọ̀ módẹ́ẹ̀lì, ló sì jáde kẹ́yìn. Àkójọ aṣọ ọjọ́ yẹn ni kóòtù tó wà nínú fóònù ọmọ náà ti wá. Ìdùnnú ni mo fi ń sọ ọ́. Mo rò pé inú ọmọ náà á dùn, pé á fò sókè.

Ó gba fóònù rẹ̀ padà, ó tún un wò, ojú rẹ̀ sì tutù díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀kọ tí wọ́n gbé sílẹ̀. Ó ní, "Áà. Ṣé aṣọ òkè lásán ni?"

Kí n tó mọ ohun tí mo máa fi fèsì, ó ti ń wá àwòrán mìíràn. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá mo lè bá òun ṣe é ní 20,000, nígbà tó jẹ́ pé kì í ṣe aṣọ òyìnbó.

Lásán! Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi mú mi lọ sí Ìsẹ́yìn láti lọ gba aṣọ ìgbéyàwó kan. Mo bá ọkùnrin kan lórí òfì. Òwú nà jìnnà síwájú rẹ̀ nílẹ̀, wọ́n gbé òkúta lé ìparí rẹ̀ kó lè le. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ igi lábẹ́, ọwọ́ kan ń ju igi kékeré tó gbé òwú, ọwọ́ kejì ń gbà á, á wá fa igi ńlá mọ́ra, gbà! Aṣọ tó ń jáde níwájú rẹ̀ kò fẹ̀ ju bí íǹṣì 4 lọ. Mo lọ jẹun, mo padà dé, èyí tó hun kò tíì gùn tó apá mi. Kò sọ̀rọ̀, nítorí bó bá gbàgbé ibi tó ka ilà dé, á ní láti tú u. Ọ̀já bẹ́ẹ̀ mélòó ló ń di ìró kan? Ẹni tó bá ti wo ọkùnrin yẹn fún wákàtí kan, ẹnu rẹ̀ kò lè gbé "lásán" mọ́.

Ohun tó sì ń dùn mí kọjá ọmọ yìí nìkan. Ọ̀pọ̀ wa ni kò ka adìrẹ sí nǹkan kan àfìgbà tí Michelle Obama wọ aṣọ Maki Oh ní 2013, Maki Oh, ilé iṣẹ́ aṣọ ọmọ Nàìjíríà tí adìrẹ jẹ́ òpó iṣẹ́ rẹ̀. Ní 2023, Lagos Space Programme, ilé iṣẹ́ Adeju Thompson, ọmọ Èkó tó fi adìrẹ ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀, ló gba ẹ̀bùn Woolmark, ìdíje tó jẹ́ pé irun àgùntàn ni wọ́n fi ń rán aṣọ ibẹ̀. Mo sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n bí Paris bá yí àwọ̀ báàgì padà, gbogbo wọn á ti mọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Àwọn kan á ní ayé ti di ọ̀kan. Kò burú. Bí ayé bá ti di ọ̀kan, kí ló dé tó jẹ́ apá ibì kan ṣoṣo ni gbogbo wa kọjú sí? Àwọn mìíràn á ní aṣọ òkè wọ́n, pé ọmọ iléèwé ò lówó rẹ̀. Èyí tó rà ní Gbági náà, owó ló fi rà á. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ohun tó wà nínú àpótí àwọn ìyá wa, kò sí àfihàn tó lè rán irú rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà.

Báyìí ni mo ti ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá yà sí ṣọ́ọ̀bù láti ọjọ́ náà, títí di àná.

Lánàá, ọmọ náà padà wá. Kò mú ọ̀rá dúdú dání. Báàgì ìrìn àjò àtijọ́ kan ló gbé, bó ṣe ṣí i ni òórùn káfúrà gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Sányán ni. Sányán, aṣọ òkè tí wọ́n ń pè ní baba aṣọ, ìró àti ìborùn, àwọ̀ rẹ̀ bíi ti iyanrìn etí odò. Ó ní, "Àǹtí, mo sọ ohun tí ẹ sọ fún màmá àgbà. Wọ́n ní aṣọ ìgbéyàwó wọn nìyí. Ẹ bá mi fi rán kóòtù yẹn."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún náà nìyí. Kí ló dé tí ọwọ́ mi wá ń gbọ̀n?

Mo tẹ́ ìró náà sílẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi rán àwọn ọ̀já rẹ̀ pọ̀, ojú abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́, ó tọ́ bí ẹni fi rúlà fà á. Ẹni tó rán an á ti kú. Mo lè tú àwọn ọ̀já náà láìba nǹkan jẹ́, ẹ̀yìn kóòtù á jáde, iwájú á jáde. Ṣùgbọ́n kò sí bí mo ṣe fẹ́ ṣe apá àti ọrùn tí mi ò ní fi sísọ́ọ̀sì dábùú òwú náà, bí wọ́n bá sì ti dábùú aṣọ òfì, kò ní jẹ́ ìró mọ́ láéláé. Mo rántí Màmá Shade Thomas-Fahm tó padà dé láti London ní 1960, tó fi aṣọ ìbílẹ̀ rán ohun tí ọmọge lè wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, tó fi sípù sí ìró. Mo ti máa ń fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n aṣọ tuntun ni wọ́n ń gé.

Mo ní kí ọmọ náà pe màmá àgbà kí n bá wọn sọ̀rọ̀. Mo kí wọn, mo ní, "Mà, ṣé ẹ mọ̀ pé mo máa gé e?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Mo ń gbọ́ adìyẹ lẹ́yìn wọn. Wọ́n ní, "Gé e, ọmọ mi. Ta ló tún fẹ́ ró o? Àmọ́ gbogbo èyí tó bá ṣẹ́kù, kó o bá mi dá a padà. Títí kan àwọn wẹ́wẹ́ tó bá já bọ́ sílẹ̀."

Dínà ku ọjọ́ mẹ́rin. Mo ti wọn ọmọ náà. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà ẹ̀yìn, mo ti fa ti iwájú, mo fa ti apá, mo pa á rẹ́, mo tún un fà. Sányán náà wà lórí tábìlì, mo fi aṣọ funfun bò ó kí eruku má bàa bà á, mo sì gbé sísọ́ọ̀sì sínú dúrọ́ọ̀.