Ta ló ń jẹ owó kámẹ́rà ojú títì nílùú Ọba?

Máìlì 36 ní wákàtí kan ni mo fi ọkọ̀ sá níbi tí wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ju 30 lọ. Mo ka létà ọlọ́pàá, mo wo déètì, mo wo aago, mo sì rántí pé lóòótọ́ ni mò ń sáré lọ́jọ́ náà torí mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu mi ni èyí tí gbogbo wa máa ń sọ: olè ni wọ́n, wọ́n kàn ń fi kámẹ́rà pawó ni.

Ẹ lọ sí òde ìsọmọlórúkọ èyíkéyìí ní Peckham tàbí Manchester, ẹ dá ọ̀rọ̀ kámẹ́rà sílẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ. Àwọn kan á ní ọlọ́pàá ló ń jẹ owó náà. Àwọn mìíràn á ní káńsù ni. Bí àpò wọn bá ti ń gbẹ, wọ́n á tún lọ ri kámẹ́rà mìíràn mọ́ ẹ̀yìn igi kan. Kì í sì í ṣe àwa nìkan, àwọn òyìnbó gan-an gbà á gbọ́ jù wá lọ.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní England, £100 ìtanràn tí èèyàn bá san nítorí kámẹ́rà kì í dúró lọ́wọ́ ọlọ́pàá tó kọ létà, kì í sì í dé ọ̀dọ̀ káńsù tó ni títì. Àpò ìjọba ní London ló ń lọ tààrà, ibẹ̀ ló ti ń dà pọ̀ mọ́ owó orí àti gbogbo owó yòókù.

Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ náà ní gbòǹgbò, mi ò ní purọ́. Kámẹ́rà àkọ́kọ́ wọlé ní 1992, nítòsí afárá Twickenham ní ìwọ̀-oòrùn London. (Maurice Gatsonides, ọmọ Netherlands tó hùmọ̀ ẹ̀rọ náà, awakọ̀ ìdíje ni. Ó ṣe é kó lè mọ bí òun ṣe máa túbọ̀ sáré ní kọ́nà ni. Asáré ló bí ohun tó ń mú asáré.) Nígbà tó di 2000, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó jẹ́ kí ọlọ́pàá àti káńsù máa yọ iye tí wọ́n ná sórí kámẹ́rà nínú ìtanràn tó wọlé, kí wọ́n tó fi ìyókù ránṣẹ́. Bí ẹnì kan bá pariwo nígbà yẹn pé kámẹ́rà ń bọ́ ara rẹ̀, òótọ́ ló sọ. Àmọ́ 2007 ni ètò náà parí. Ó ti ń lọ sí ogún ọdún, ariwo náà ò tíì rọlẹ̀.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló yẹ ká máa sọ lóde. Ní 2009, ìlú Swindon pa kámẹ́rà rẹ̀. Ẹjọ́ tí àwọn káńsù ibẹ̀ rò ni pé àwọn ń náwó sí i, London ń kó ìtanràn lọ. Nígbà tí ìjọba gé owó ààbò ojú títì kù, Oxfordshire náà pa tirẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 2010, torí kò sí owó tí wọ́n máa fi bójú tó wọn. Oṣù Kẹrin 2011 ni wọ́n tó tàn wọ́n padà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ta ni nínú yín tó máa ti ṣọ́ọ̀bù tó ń mówó wọlé pa nítorí pé owó ò sí?

Ó ku ibì kan tí owó ti ń ta sí ọlọ́pàá lára. Ẹni tí eré rẹ̀ ò bá pọ̀ jù lè gba kíláàsì nípa eré sísá dípò póíǹtì, ìyẹn àmì ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń kọ sí láísẹ́ǹsì, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọdún mẹ́ta. Apá kan nínú owó kíláàsì yẹn ń padà lọ dí ìnáwó ọlọ́pàá. Ẹni tó bá fẹ́ tọpa owó, ibẹ̀ ni kó lọ wò.

Mo sì rò pé oríṣi ìwé mẹ́ta tí a ń pè ní "tíkẹ́ẹ̀tì" ló ń dà wá láàmú. Ti eré sísá, ọlọ́pàá ló ń kọ ọ́. Ti páákì, ọ̀nà bọ́ọ̀sì àti àpótí aláwọ̀ yẹ́lò tí wọ́n kùn sójú títì ní oríta, káńsù ló sábà máa ń gbà á, káńsù náà ló sì ń tọ́jú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin so èrè páákì mọ́ ọ̀rọ̀ páákì, títì àti ìrìnnà. Bí ẹ bá fẹ́ bínú sí káńsù, ibẹ̀ ni ẹ ti lè bínú. Ẹ̀kẹta ni èyí tí iléeṣẹ́ aládàáni ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì ọkọ̀ ní ọgbà súpámákẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn kì í ṣe ìtanràn rárá, gbèsè tí wọ́n sọ pé ẹ jẹ ni. Ẹ má wá torí ìyẹn jù ú nù o, wọ́n lè pe ẹjọ́.

Ṣé owó náà wá bá gbogbo èèyàn dọ́gba? Rárá. Ibi tí ẹjọ́ tèmi wà gan-an nìyí. £100 kan náà ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń wakọ̀ láti ilé arúgbó kan sí òmíràn láti tọ́jú wọn, àti lọ́wọ́ ọ̀gá báǹkì tó ń fi Bentley najú. Ní oṣù Kẹrin 2025, owó iṣẹ́ wákàtí kan tó kéré jù lábẹ́ òfin di £12.21 fún ẹni ọdún 21 sókè. Ẹni tó ń gba iye yẹn máa ṣiṣẹ́ ju wákàtí mẹ́jọ lọ kó tó rí £100, kí wọ́n tó yọ owó orí. Ọ̀gá báǹkì ò ní mọ̀ pé nǹkan kan jáde lápò òun. Póíǹtì 3 tó bá a rìn nìkan ló ń ta àwọn méjèèjì, torí póíǹtì 12 láàárín ọdún mẹ́ta lè gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ olówó àti tálákà. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yege ìdánwò ọkọ̀ níbí, kódà kó ti fi ogún ọdún wa ọkọ̀ l'Ékòó, póíǹtì 6 láàárín ọdún méjì ti tó láti gba tirẹ̀.

Àwọn kan á ní ká gba kọ́ọ̀tù lọ. Bí o kò bá sá eré náà, lọ. Bí o bá mọ̀ pé o sá a, jẹ́ ká ṣírò. Fún irú eré tèmi yìí, ìdajì owó ọ̀sẹ̀ ẹni ni kọ́ọ̀tù fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí £400 ń kù fún lọ́sẹ̀ lẹ́yìn owó orí, ìtanràn rẹ̀ á di £200, wọ́n á fi £80 lé e fún ètò àwọn tí ọ̀daràn ṣe lọ́ṣẹ́, owó ẹjọ́ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Bó bá tètè gbà pé òun jẹ̀bi, wọ́n á yọ ìdá kan nínú mẹ́ta ìtanràn náà, síbẹ̀ kò ní padà sí £100. Ẹni tó ń gba £10,000 lọ́sẹ̀ ńkọ́? Ìdajì rẹ̀ yẹ kó jẹ́ £5,000, àmọ́ lórí títì tí kì í ṣe mọ́tòwéè, òfin ní kò gbọdọ̀ ju £1,000 lọ. Òfin ń yẹ àpò gbogbo wa wò, ó dé ọ̀dọ̀ olówó, ó dijú. Ní Finland, wọn kì í dijú: ní 2002, wọ́n bu €116,000 lé Anssi Vanjoki, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá Nokia, nítorí kìlómítà 75 níbi 50. Wọ́n dín in kù lẹ́yìn náà, àmọ́ ó kọ́kọ́ rí i.

Ìgbàgbọ́ pé olè ni wọ́n ló ń jẹ́ kí àwọn kan máa rò pé kò burú láti purọ́ fún wọn. "Tí fọ́ọ̀mù wọn bá béèrè ẹni tó wa ọkọ̀, kọ orúkọ àbúrò ẹ sí i, kò tíì ní póíǹtì." Mo ti gbọ́ ìmọ̀ràn yẹn létí ara mi. Fiona Onasanya, aṣòfin Peterborough, orúkọ tí gbogbo wa mọ ibi tó ti wá: ní oṣù Keje 2017, ọkọ̀ rẹ̀ sá máìlì 41 níbi 30. Fọ́ọ̀mù tó padà sọ́dọ̀ ọlọ́pàá sọ pé ẹlòmíràn ló wà á. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ní oṣù Kejìlá 2018, wọ́n rán an ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta ní oṣù Kìíní 2019, nígbà tó sì di oṣù Karùn-ún, àwọn ará ìlú ti fọwọ́ sí i pé kó kúrò nípò. Ṣáájú rẹ̀, mínísítà ni Chris Huhne, oṣù mẹ́jọ ni wọ́n dá fún un ní 2013 nítorí póíǹtì tí ìyàwó rẹ̀ gbà fún un. Ìyàwó náà ńkọ́? Oṣù mẹ́jọ kan náà.

Èmi gba kíláàsì. Orí kọ̀ǹpútà ni, ní àárọ̀ Sátidé kan tí mo fẹ́ fi sùn. Olùkọ́ bi wá pé: bí ẹ bá wọ àdúgbò tí kò sí bọ́ọ̀dù eré kankan, àmọ́ tí òpó iná tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, máìlì mélòó ni? Ẹnì kan ní 40. Èmi dákẹ́, torí 40 lèmi náà fẹ́ sọ. 30 ni, àfi tí bọ́ọ̀dù bá sọ nǹkan mìíràn. Ní Wales, ó ti di 20 láti oṣù Kẹsàn-án 2023.

Mo dìde, mo yọjú lójú fèrèsé wo títì iwájú ilé mi. Òpó iná mẹ́rin.