Ẹ̀yin ará Abuja tẹ́ ẹ ń múra UK, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè

Látìgbà tí mo ti délé ní Kubwa, àwọn tí físà wọn ti jáde ò jẹ́ n sinmi, ilé ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, òtútù ńkọ́, kò sẹ́nì kan tó bi mí ní ti rélùwéè, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló máa kọ́kọ́ gbọn àpò yín. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi ti Idu sí Rigasa wò ó. Tibí, tẹ́ ẹ bá ti mọ iye tí kíláàsì yín jẹ́, ó parí. Lọ́hùn-ún, ẹ̀yin àtẹni tẹ́ ẹ jọ jókòó lè má san iye kan náà rárá.

Èyí tó máa wọ̀ yín lójú ni wọ́n ń pè ní Advance. Ó lè jáde tó ọ̀sẹ̀ 12 ṣáájú, owó pọ́ọ́kú ni lóòótọ́, àmọ́ rélùwéè kan ṣoṣo, aago kan ṣoṣo lẹ rà yẹn o. Ẹ pẹ́ débẹ̀, owó ti wọgbó. Ẹ lè yí i padà kó tó gbéra ṣá, àmọ́ wọ́n lè gbà tó £10, kẹ́ ẹ tún wá san ìyàtọ̀ owó lé e.

Kẹ́ ẹ yá ju aago lọ gan-an, wàhálà ni. Èmi àti ọmọ wa kan jọ wọkọ̀ lọ́jọ́ kan, ó tètè parí ìntáfíù, ó bá wọ èyí tó ṣáájú tiẹ̀, síìtì òfìfo kún inú ẹ̀ bámú. Obìnrin tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò wo fóònù ẹ̀, ó ní èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni tiẹ̀. Ọmọ wa ní "mọ̀dámù ẹ dákun", ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀. Wọn ò mọ ìyẹn jàre! Tíkẹ́ẹ̀tì tuntun ló já fún un, owó gọbọi, tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ẹ ò tún gbọdọ̀ bọ́ọ́lẹ̀ lọ́nà. Ẹ rà á láti London dé Birmingham, ẹ ní ẹ fẹ́ sọ̀ ní Coventry torí ẹ̀gbọ́n yín ń gbébẹ̀, kò gbà.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá dé ló ń dùn mí jù. Ẹ̀ẹ́ ti wà ní Gwarinpa níbí, ẹ ti ra Advance sí Leeds, wákàtí méjì lẹ́yìn tí báálù bá balẹ̀. Báálù á pẹ́, ìlà imigiréṣọ̀n á gùn, ẹ̀ẹ́ tún dúró de báàgì Ghana-must-go tẹ́ ẹ kó gàrí sí, rélùwéè á sì ti lọ. Tó bá jẹ́ rélùwéè àkọ́kọ́ ló pẹ́ tẹ́ ẹ fi pàdánù ìkejì, wọ́n á jẹ́ kẹ́ ẹ wọ òmíì. Ti báálù ò kàn wọ́n. Lọ́jọ́ yẹn, Off-Peak ni kẹ́ ẹ rà, ó wọ́n díẹ̀, àmọ́ ẹ lè wọ èyíkéyìí tí kì í bá ṣe ti àsìkò èrò.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ gba Railcard, káàdì ẹ̀dínwó rélùwéè ni, ó ń dín ìdá kan nínú mẹ́ta owó tíkẹ́ẹ̀tì kù. Páwà báǹkì tẹ́ ẹ fi ń bá NEPA ṣeré, ẹ gbé e dání, fóònù tó bá kú, tíkẹ́ẹ̀tì inú ẹ̀ ti kú nìyẹn. Tó bá sì jẹ́ tiwọn ló pẹ́, Delay Repay wà, ìyẹn owó gbà-má-bínú, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ rélùwéè ń san án tó bá ti pẹ́ tó ìṣẹ́jú 15. Ẹ bèèrè o, wọn ò ní mú un wá bá yín nílé.