Ará Dubai Ọlọ́jọ́ Mẹ́fà

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé ní Ìlọrin lónìí, ẹ má wulẹ̀ wo bàtà rẹ̀. Ooru ni kí ẹ fi dá a mọ̀. Gbogbo wa jókòó síbi ìsọmọlórúkọ ní ìtòsí Ọjà Ọba, a ń jẹ wàrà, ara tù wá. Alhájì wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nìkan ló ń fi etí agbádá fẹ́ ara rẹ̀, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ: "Ẹ̀yin èèyàn yìí, báwo lẹ ṣe ń fara da ooru yìí?" Inú oṣù kẹjọ ni o, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Dubai ló sì ti dé, níbi tí ooru oṣù kẹjọ ti máa ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí onílé kì í jáde lọ́sàn-án àfi tó bá di dandan. Ẹni tí oòrùn ọ̀hún yan bí ẹran ni ooru Ìlọrin wá ń pa.

Mi ò bá oníṣòwò jà. Ẹni tí kò ná Deira ní Dubai, tí kò ná Guangzhou ní Ṣáínà, kí ló fẹ́ pàtẹ ní òpópónà Taiwo n'Ílọrin? Ìwàásù tí wọ́n ń gbé dé mọ́ ọjà ni kò jẹ́ ká sinmi. Wọ́n ní ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ló ń sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun. Àwọn tiwa yìí dé oko baba ẹlòmíràn lóòótọ́. Ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n dúró sí, wọ́n wá délé, wọ́n ń ka iye ebè fún wa.

Ẹ gbọ́ bí Alhájì ṣe ń ròyìn àwọn Lárúbáwá Dubai. "Wọ́n yọ̀ mọ́ èèyàn! Ẹ̀rín ni wọ́n máa fi pàdé rẹ!" Mo ní, Alhájì, ta ló fẹ̀rín pàdé yín gan-an? A jọ kà wọ́n. Ẹni tó fi takisí gbé e, ará Pakistan. Ẹni tó fún un ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì, ọmọ Philippines. Ẹni tó wọn wúrà fún un, ará Íńdíà. Ẹni tó bá a di ẹrù sí kágò, ọmọ Ọ̀fà ni, Yorùbá ni wọ́n sì fi ná an. Nínú èèyàn mẹ́wàá tó ń gbé Dubai, nǹkan bíi mẹ́sàn-án ni àlejò bíi tirẹ̀. Bóyá ọmọ onílùú kan ṣoṣo tó bá Alhájì pàdé ni ẹni tó lu òǹtẹ̀ sí ìwé ìrìnnà rẹ̀, ìyẹn ò sì rẹ́rìn-ín.

Fọ́tò Burj Khalifa kò gbọ́dọ̀ má sí níbẹ̀. Ilé yẹn ga ní mítà 828, ọdún 2010 ni wọ́n ṣí i, ẹni tó ya fọ́tò náà sì ní láti dùbúlẹ̀ gbalaja kí orí ilé àti fìlà Alhájì tó lè wọ inú rẹ̀ pọ̀. Gígùn ún lọ sókè ńkọ́? Owó ni wọ́n ń gbà. Síbẹ̀ ó ní òun rí gbogbo ìlú kedere láti òkè. Òkè wo? Ojú fèrèsé bàálù.

Ti ìmọ́tótó ló wá pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ọkọ̀ rẹ̀ ni mo wọ̀, a ń ti Post Office bọ̀, ó ń ròyìn ọkọ̀ ojú irin Dubai fún mi: "O ò lè jẹun nínú rẹ̀ o! Omi lásán, o ò gbọ́dọ̀ mu ún! 100 dírámù ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ẹ!" Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, ó feyín já píọ̀ wọ́tà, ó fà á mu tán, ó rún ọ̀rá rẹ̀ mọ́wọ́, ó sọ gíláàsì kalẹ̀, ó jù ú síta. Ó ku díẹ̀ kó ba ọlọ́kadà kan lójú. Ó nu ẹnu, ó mí kanlẹ̀. "Ìṣòro orílẹ̀-èdè yìí, àwọn èèyàn wa ò ní ẹ̀kọ́."

Ọ̀dọ̀ àwọn aláṣọ, Istanbul ní Tọ́kì ló ń jọba. Laleli ni Alhaja máa ń wọ̀ sí, àdúgbò tí àwọn aláṣọ ti ń fi èdè Rọ́ṣíà àti Lárúbáwá polówó. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ lásán lèèyàn lè fi rìn dé mọ́ṣáláṣí Sultan Ahmed. Alhaja kò dé ibẹ̀. Ìlà léèsì ló ń kà. Apá kan ìlú náà wà ní Yúróòpù, apá kejì wà ní Éṣíà, omi ló pín wọn níyà. Yúróòpù ni Alhaja sùn, Yúróòpù ló jí, àmọ́ ẹ bi í léèrè Éṣíà, ẹ máa gbọ́ ìtàn. Ká má tíì sọ ti iye tí "ojúlówó Tọ́kì" ń di tó bá dé ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan wà tí wọn ò kọjá ọjà Balógun l'Ékòó tí tiwọn náà jẹ́ ojúlówó.

Ṣáínà nìkan ló ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ìjọba ibẹ̀ ti dí WhatsApp, WeChat ni wọ́n ń lò. Ẹni tó ń gbé fọ́tò jáde ní wákàtí wákàtí ní Dubai á kàn dédé pòórá ní Guangzhou, àwọn ará ilé ní Agbó-Ọba á bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Tó bá dé, wọ́n á bi í pé oúnjẹ ibẹ̀ ńkọ́. "Ó dùn jọjọ!" Èlùbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ dì fún un ló ń sọ o.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Ìgbómìnà lè júwe gbogbo kọ̀rọ̀ ọjà Dragon Mart ní Dubai fún yín. Omi Òwu tó ń já ní ilé baba rẹ̀, kò rí i rí. Èsìẹ́ tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rẹ̀ ti wà láti 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, tí ère òkúta inú rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún, ó máa ń kọjá níbẹ̀ tó bá ń lọ sí òkú.

Ó ti wá ń ràn àwọn ọmọdé. Ní ọjọ́ Sátidé, ẹ lọ sí ẹnu pápákọ̀ òfurufú Ìlọrin, ẹ máa bá àwọn ọmọ Tánkẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú báàgì onítáyà àyálò, jígí dúdú lójú, tí ẹnì kan ń yà wọ́n ní fọ́tò. "Ó dàbọ̀ o, Nàìjíríà" ni wọ́n máa kọ sábẹ́ rẹ̀. Báàgì yẹn ṣófo, bàálù tó hàn lókè orí wọn sì ń lọ sí Àbújá.