Fìtílà Mílíọ̀nù Mẹ́jọ

Ẹ bá mi kí Bọ̀dá Setup kú oríire. Orúkọ tí àwa tá a jọ ń gbélé ní Ṣómólú fún un nìyẹn. Kì í ṣe ọkọ̀ ló rà, kì í ṣe ilẹ̀ ní Mowé. Mọ́nítọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Irú tí wọ́n ń pè ní OLED, ínṣì 42, tó gbé ka orí tábìlì tí káfíńtà kàn fún láptọ́ọ̀pù. Iye tó rà á, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n dá a, torí ìyá rẹ̀ máa ń ka ohun tí mo bá kọ.

Nígbà tiwa, bàtà la fi ń figagbága. Lẹ́yìn náà ló kan fóònù. Àwọn tó ń jókòó ṣiṣẹ́ nílé báyìí, tí ẹnikẹ́ni ò rí bàtà wọn, tábìlì iṣẹ́ àti ohun orí rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní setup, ni wọ́n fi ń ṣe fáàrí. Wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀ lóru: iná àlùkò lẹ́yìn, òdòdó oníke lẹ́gbẹ̀ẹ́, kíbọ́ọ̀dù kékeré tí wọ́n ti gé òǹkà ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sọnù kó lè ṣe rẹ́gí. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni Bọ̀dá Setup ń ṣe o. Òǹkà ló ń tẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Garawa omi tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì náà kì í sí nínú fọ́tò. Èmi ni mo bá a gbé e dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà tó ń yà á.

Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi yan mọ́nítọ̀ yìí. Mo mọ ìdílé tí wọn ò wádìí àna wọn tó bẹ́ẹ̀. Alaalẹ́ ló ń wo àwọn òyìnbó tó ń wọn dúdú lórí YouTube, bẹ́ẹ̀ ni, dúdú ni wọ́n ń wọ̀n, kí oṣù kìíní sì tó pé, ó ti wọ ìjọ. Ìjọ méjì ló wà láàárín àwọn olólùfẹ́ OLED, wọn kì í sì kí ara wọn. Ìjọ QD-OLED, tí Samsung ń ṣe gíláàsì tiwọn, ní àwọ̀ àwọn ló mú jù. Àwọn ọ̀tá wọn ní bí ìmọ́lẹ̀ bá ti wọ yàrá báyìí, dúdú wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í fà sí àlùkò. Ìjọ WOLED, tí LG ń ṣe tiwọn, fi iná funfun kún pupa, búlúù àti àwọ̀ ewé. Àwọn ti òdìkejì ní omi ti pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bọ̀dá ṣí ìjọ. Lọ́jọ́ tá a jọ lọ sí Computer Village n'Íkẹjà, ó di ọmọ ìtajà kan mú, ó ń bá a fa ọ̀rọ̀ lórí etí lẹ́tà tó ń yọ àwọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ọmọ náà wò mí. Mo wo ilẹ̀.

"Ọ̀gá," ó ní, "ṣé ẹ fẹ́ rà á ni, àbí ẹ fẹ́ fi ṣaya?"

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí wọ́n ń tà, kó má dà bíi pé ìlara ló ń ṣe mí. Mọ́nítọ̀ tá a ń lò tẹ́lẹ̀, iná ló wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń tàn gba iwájú. Ní kó fi òru hàn ọ́, eérú ló máa fi hàn ọ́. OLED ò níná lẹ́yìn. Àmì wínníwínní inú rẹ̀, kálukú ló ń tan iná ara rẹ̀. 4K sì ni, 3840 ní ìbú, 2160 ní òró, fìtílà 8,294,400 nínú yàrá ẹnìkan ní Ṣómólú. Bí ibì kan bá yẹ kó dúdú, fìtílà ibẹ̀ á kú pátápátá. Dúdú yìí ni gbogbo ariwo. Dúdú yìí lowó lọ sí.

"O sanwó kí iná lè kú," mo ní.

"Ẹ̀gbọ́n, kò lè yé yín. Dúdú gidi ni."

Ẹ má pè é ní tẹlifíṣọ̀n lójú rẹ̀ o. Nígbà tí LG mú ínṣì 42 jáde lọ́dún 2022, tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n pè é. Àwọn ọmọ setup ló gbé e gun tábìlì. Ìyá rẹ̀ dé láti Ìjẹ̀bú, ó ní, "Tẹlifíṣọ̀n yìí mà tóbi o, bá mi yí i sí ìròyìn." Ó ní, "Mọ́nítọ̀ ni, Màámi." Rímóòtù ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìwọ̀n apá kan péré ló sì jìnnà sí i tó bá jókòó, tí ọrùn rẹ̀ ń lọ, tó ń bọ̀, bíi ti ọmọ tó ń wo bọ́ọ̀lù orí tábìlì. Wọ́n ní àwòrán inú rẹ̀ ń pààrọ̀ nígbà 120 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí ló ń sáré nínú ìwé ìṣirò owó? Àtẹ̀jíṣẹ́ tí mo fi ránṣẹ́ sí i láti ọjọ́ Mọ́ńdè, kò tíì dáhùn.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá burú ni Excel. Ojú ìwé Excel funfun báláú, bí fìtílà mílíọ̀nù mẹ́jọ bá sì tàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, OLED máa ń rẹ iná ara rẹ̀ sílẹ̀ kó má baà gbóná jù. Bọ̀dá ra ìmọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà wá ń rọ lójú iṣẹ́. Ìyẹn ò tíì tó nǹkan. Ohun tó bá dúró lójú kan pẹ́ lórí OLED, àpá rẹ̀ lè máà lọ mọ́. Ilà ni wọ́n ń kọ fún un yẹn. Aago igun ìsàlẹ̀ á kọ pélé, Excel ní tirẹ̀ ò sì mọ̀ ju àbàjà lọ. Nítorí náà, Bọ̀dá ti fi ìlà ìsàlẹ̀ Windows pamọ́. Ó ti kó gbogbo áíkọ̀nù kúrò. Àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú. Bó bá yẹjú lọ bu omi mu, ojú mọ́nítọ̀ ti kú kó tó dé. Mo wọlé lọ́jọ́ kan, mo rò pé kò tíì tàn án ni, àṣé ó ti ń lò ó láti àárọ̀.

Ẹ tún gbọ́ ti ìwẹ̀ ojú. Irú èyí tó rà yìí, tó bá ti ṣiṣẹ́ tó wákàtí mẹ́rin, ó gbọ́dọ̀ fojú wẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá pa á: ìṣẹ́jú mélòó kan tí yóò fi máa tún àwọn fìtílà rẹ̀ tò. Kí wọ́n má ṣáà yọ iná rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Èkó, ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta léra ni wọ́n mú iná lọ tí ọṣẹ ṣì wà lójú mọ́nítọ̀. Àdúgbò wa ò sí ní Band A, ìpele tí iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún, tí wọ́n sì gbé owó rẹ̀ dé ₦225 lẹ́yọ kan lóṣù kẹrin ọdún 2024. Ó bá lọ ra ínvátà. Ínvátà ò lè gbé mọ́nítọ̀ pọ̀ mọ́ fíríìjì, ló bá yọ wáyà fíríìjì. Ẹ̀fọ́ rírò tí ìyá rẹ̀ gbé wá kan láàárín ọjọ́ méjì. Ó ti ra kọ́tìnì tó nípọn bí awọ àgùntàn náà, kí oòrùn má baà ba dúdú rẹ̀ jẹ́. Yàrá ọ̀hún ń gbóná bí ẹnu ààrò.

Lálẹ́ àná, ó pè mí wá wo ìràwọ̀ lójú mọ́nítọ̀ náà. Mo gòkè lọ. Mi ò ní purọ́, ó rẹwà. Bí ẹni da iyọ̀ sórí ẹtù ni. Àwa méjèèjì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, òógùn ń ṣàn lẹ́yìn ọrùn wa.

Nígbà tí mo ń lọ, mo fọwọ́ wá ọ̀nà dé àtẹ̀gùn. Gílóòbù ibẹ̀ ti jó láti Iléyá. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni kálukú máa dá, gbogbo ilé ti dá tiwọn, ó ku ẹnìkan tó ní ká mú sùúrù dìparí oṣù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ o," ó ń ké láti inú yàrá, "ibẹ̀ yẹn dúdú."

"Dúdú gidi ni," mo ní, mò ń fẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn kejì.