Òrùka stainless ni àbí titanium?

Ọmọ Etíkun: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ń fọwọ́ ara mi to ọ̀pá ìpẹja kan fún omi òkun. Blank (ọ̀pá tí wọn ò tíì to nǹkan kan sí) oní-fáíbà gíláàsì ni, ẹsẹ̀ bàtà 7, braid (okùn híhun) 30 pọ́n-ùn ni mo fẹ́ lò sí i. Òrùka tí okùn ń gbà kọjá lára ọ̀pá, ṣé ti stainless ni kí n rà, àbí titanium? Ibi tí ríìlì (ẹ̀rọ tó ń ká okùn) ń jókòó sí ńkọ́, graphite (ike tí wọ́n lú carbon mọ́) ni àbí àlùmíníọ́mù?

Jagunlabí: Titanium. Ó tán.

Ọ̀pá Gígùn: Ẹsẹ̀ bàtà 7? Ó kúrú.

Ọmọ Etíkun: Inú ọkọ̀ ojú omi ni mo ti fẹ́ máa lò ó, ẹ̀gbọ́n.

Ọ̀pá Gígùn: Ó ṣì kúrú.

Àgbà Òkun: Kí lẹ fẹ́ fi titanium ṣe? Ìnáwó lásán. Stainless kì í dípẹtà láéláé, kí èèyàn ṣáà ti máa fi omi tí kò níyọ̀ ṣan ọ̀pá rẹ̀ tó bá délé.

Jagunlabí: Kì í dípẹtà kẹ̀? Tú òwú tí wọ́n fi wé ẹsẹ̀ òrùka wò, kó o rí àwọ̀ pupa lábẹ́ epoxy, gúlúù líle tí wọ́n fi bò ó. Níbi tí epoxy bá ti sán díẹ̀ ni omi iyọ̀ ń yọ́ wọlé, atẹ́gùn tí stainless fi ń dáàbò bo ara rẹ̀ kì í sì í débẹ̀. Irú stainless tí wọ́n ń pè ní 316 gbìyànjú ju 304 lọ, àmọ́ òun náà ò mú un jẹ. Ṣíṣàn wo lo fẹ́ ṣan lábẹ́ epoxy?

Àgbà Òkun: Ta lò ń pè ní “o”?

Ìyá Oníwọ̀: Férémù, férémù, irin ìta òrùka nìkan lẹ ń sọ! Ta ló wo inú òrùka? Ibẹ̀ lokùn ń gbà kọjá. Tó bá jẹ́ irin lásán, braid á rẹ́ ẹ dé ibi tójú ilà á fi yọ. Ẹ ra èyí tó ní sérámíìkì líle bíi SiC tàbí Alconite nínú. Ẹ máa fi òwú fẹ́lẹ́ nu ún yíká lóòrèkóòrè; ibi tó bá ti fa òwú ya, ó ti sán níbẹ̀ nìyẹn.

Jagunlabí: Ẹ má bínú, bàbá. Stainless yín á dípẹtà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Aláwàdà: 😂😂 Ṣé ẹja á kọ́kọ́ béèrè férémù kó tó gbé ìwọ̀ mì ni?

Ọ̀pá Gígùn: Á béèrè ìdí tí ọ̀pá fi kúrú.

Fẹ̀sọ̀ṣe: Ọmọ Etíkun, graphite tó ẹ fún 30. Kò wúwo, iyọ̀ ò sì rí i gbé ṣe. Tó o bá ń fa ìdẹ lẹ́yìn ọkọ̀ tó ń sáré, tó o sì ń retí ẹja ńlá, lọ fún àlùmíníọ́mù, kí ìdí ọ̀pá ní gimbal, ìyẹn ojú tí kì í jẹ́ kí ọ̀pá yí níbi tí wọ́n bá kì í bọ̀. Blank carbon ni kó o ṣọ́ra fún: tí àlùmíníọ́mù bá fara kàn án nínú omi iyọ̀, díẹ̀díẹ̀ ni àlùmíníọ́mù náà á máa jẹ dànù. Ti fáíbà ò ní wàhálà yẹn. Òrùka orí ṣóńṣó, má fi epoxy lẹ̀ ẹ́, gúlúù gbígbóná ni, kó lè ṣeé yọ lọ́jọ́ tó bá fọ́.

Jagunlabí: Gúlúù kẹ̀? Ṣé ìwé ló ń lẹ̀ ni?

Àgbà Òkun: Jagunlabí, a ò tíì parí. Fi fọ́tò stainless tó dípẹtà síbí.

Jagunlabí: Ẹ kọ́kọ́ fi tiyín tí ò dípẹtà hàn wá.

Àgbà Òkun: Ìwọ lo sọ̀rọ̀, ìwọ ni kó o fi hàn.

Ìyá Oníwọ̀: INÚ ÒRÙKA! Ẹ ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá.

Ọmọ Etíkun: Ẹ jọ̀ọ́, stainless tó ní Alconite nínú ńkọ́?

Aláwàdà: Àgbà, ẹ yà á kí n rí i o, mo ti fìdí mọ́lẹ̀.

Àgbà Òkun: Ilẹ̀ ti ṣú. Ó di òwúrọ̀.

Jagunlabí: Fọ́tò tó ń bẹ̀rù òkùnkùn 😂

Adé_Ìdẹ: Mi ò ka gbogbo ẹ̀ o, ṣùgbọ́n edé ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìdẹ.

Ọ̀pá Gígùn: Edé? Ó kéré.