Kí Ìjọba Ìbílẹ̀ Tó Pe Àlejò Wá sí Ìsàlẹ̀ Èkó

Bí oṣù Kejìlá bá ti ń sún mọ́lé, tí àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọ Èkó, kò sí ìjọba ìbílẹ̀ tí kò ní wù kí díẹ̀ nínú owó tí wọ́n ń ná ní Lẹ́kí àti Victoria Island yà sí àdúgbò tirẹ̀. Èrò yìí kò burú, pàápàá ní Erékùṣù Èkó, níbi tí ìtàn ìlú yìí ti ṣẹ̀, tí Iga Ìdúngànràn, ààfin Ọba Èkó, wà, tí ojúlé kọ̀ọ̀kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìtàn tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí wọ́n bá dárúkọ ìrìn-àjò afẹ́, àríyá, kánífà àti pátákó ìkíni káàbọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí àwọn tó ń ṣètò lọ́kàn. Lójú tiwa, ilé àtijọ́ tó ṣẹ́ kù ní Pópó Àgùdà àti àwọn ìdílé tó ń gbé inú wọn ni ó yẹ kí irú ètò bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn ni àlejò ń bọ̀ wá wò, wọ́n sì ń tán lọ.

Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá àti àtọmọdọ́mọ wọn tí wọ́n ti oko ẹrú ní Bràsíl àti Kúbà padà sílé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kó iṣẹ́ ọwọ́ wọn bọ̀: bíríkìlà ni àwọn kan, káfíńtà ni àwọn mìíràn. Ẹ rí iṣẹ́ wọn nínú òdòdó tí wọ́n mọ yí ojú fèrèsé ká, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè tí wọ́n fi igi gbígbẹ́ ṣe, àti nínú ilẹ̀kùn gàgàrà tó ṣí sí ojú títì. Ẹni tó bá gba Òpópónà Kakawa kọjá yóò rí ilé tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Water House, tí João Esan da Rocha kọ́ lẹ́yìn tó ti Bràsíl dé, tí àwọn ará Èkó sì ń ra omi kànga níbẹ̀ nígbà tí omi ẹ̀rọ kò tíì dé. Ọmọ rẹ̀, Candido, ni orúkọ rẹ̀ di àpèjúwe ọlọ́rọ̀ lẹ́nu àwọn ará ìlú. Ní Òpópónà Martins, mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1894, ṣì ń gba olùjọ́sìn títí di òní. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street ti di Freedom Park láti ọdún 2010. Ẹsẹ̀ lásán ni èèyàn lè fi rin gbogbo rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ẹ jẹ́ kí a rántí Ilojo Bar. Ọdún 1855 ni ìdílé Fernandez kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà sí etí Gbàgede Tinúbu, ìdílé Olaiya rà á ní ọdún 1933, ìjọba sì kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1956. Ọgọ́ta ọdún ni ìkéde náà fi wà lórí ìwé, tí ilé ń gbó, tí ara rẹ̀ ń ya lulẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi wó o pátá ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Ìgbà tó wó tán ni ariwo tó sọ. Àwọn kan a máa ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, ṣùgbọ́n òwe yẹn kò bá ọ̀rọ̀ yìí mu, nítorí kò sí ẹni tó lè tún ilé ọdún 1855 kọ́. Ní Àgbádárìgì, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì CMS parí ní ọdún 1845 ṣì wà lórí ìdúró, àwọn ọmọ iléèwé sì ń wọ bọ́ọ̀sì lọ wò ó. Ọdún mẹ́wàá ló fi ju Ilojo Bar lọ. Kì í ṣe ọjọ́ orí ló wó ti Èkó, àìtọ́jú ni.

A kò gbọdọ̀ di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn ìdílé. Ilé ẹbí ni púpọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí. Ọmọ mẹ́wàá lè jogún ọ̀kan, kí ọmọ-ọmọ ti di àádọ́ta, kí àwọn kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, kí àwọn kan wà ní Ìkòròdú, kí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ gan-an má sì ní ju yàrá kan lọ. Òrùlé ń jò, pákó ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ti jẹrà, owó ilé tí ayálégbé ń san kò sì tó pààrọ̀ páànù. Lọ́jọ́ kan, dẹfẹ́lọ́pà á kó ìwé àdéhùn dé, á ní òun máa wó o, òun yóò sì fi ilé alájà mẹ́rin tó kún fún ṣọ́ọ̀bù àti ibi ìkẹ́rùsí rọ́pò rẹ̀, nítorí pé Balógun àti Ìdúmọ̀tà kò jìnnà, ẹbí á sì máa gba ìpín tiwọn. Kí ni ìjọba ìbílẹ̀ gbé síwájú ẹbí yẹn tó lè mú kí wọ́n kọ̀ fún dẹfẹ́lọ́pà? Àwa kò tíì rí i.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tó lè ṣe kò ṣàì sí. Owó orí ilé (tenement rate) tí òfin ní kí ìjọba ìbílẹ̀ máa gbà ti wọ inú Land Use Charge tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń gbà. Ó yẹ kí alága lè dúró níwájú ìjọba ìpínlẹ̀, kó béèrè pé kí wọ́n yọ ìdílé tó bá tọ́jú ilé Àgùdà rẹ̀ kúrò nínú sísan owó náà, kí wọ́n sì ràn án lọ́wọ́ láti tún òrùlé ṣe, bí ẹbí bá fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò ní wó ilé. Òótọ́ ni pé ìjọba ìbílẹ̀ kọ́ ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òun ló ń darí National Commission for Museums and Monuments, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ohun ìrántí, ṣùgbọ́n òun ló sún mọ́ ojúlé jù lọ. Òun ló lè tètè mọ̀ bí wọ́n bá ti ń tú páànù ilé kan, kó sì ké sí àwọn tó láṣẹ kí òòlù tó kan ògiri.

Iṣẹ́ tí òfin dìídì yàn fún un tún wà níbẹ̀. Nínú Àfikún Kẹrin ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999, ojú títì, iná ojú títì, gọ́tà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìta gbangba, kíkó ìdọ̀tí, orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ojúlé wà lára ohun tí wọ́n kà sí ọrùn ìjọba ìbílẹ̀. Àlejò tó bá dúró ní Òpópónà Bámgbóṣé láti ya fọ́tò fèrèsé àtijọ́ lè kọ́kọ́ fo gọ́tà tí ike àti ọ̀rá píọ́ wọ́tà ti dí, kó sì tẹrí ba lábẹ́ wáyà jẹnẹrétọ̀. Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n, àfi kó bẹ ìyá tó ń ta búrẹ́dì kó mú un wọ àgbàlá wọn. Ìyá á gbà, nítorí ọmọ Èkó mọ àlejò ṣe. Ṣùgbọ́n ìyá yìí àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń fẹsẹ̀ wọ́ omi gọ́tà náà bí òjò bá rọ̀, tí wọ́n sì ń rìn nínú òkùnkùn bí ilẹ̀ bá ṣú. Ìdí nìyí tí a fi gbà pé iṣẹ́ gọ́tà àti iná ló yẹ kó ṣáájú: bí àlejò kankan kò bá tilẹ̀ wá, owó náà kò ṣòfò, ará àdúgbò ló jèrè rẹ̀.

A kò kórìíra ayẹyẹ. Kánífà àwọn Àgùdà àti ti Fantí jẹ́ ogún àdúgbò, àwọn ọmọ Campos, Láfíàjì àti Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó sì ti ń fi owó àpò ara wọn gbé e rù tipẹ́. Ní ti Ẹ̀yọ̀, kì í ṣe ohun tí kánsù lè kọ sínú kàlẹ́ńdà rẹ̀ lọ́dọọdún, nítorí àṣẹ ààfin àti ti àwọn ìdílé tó ni ín ló ń mú un jáde, ọ̀wọ̀ fún olóògbé ńlá sì ni pẹ̀lú. Lẹ́yìn èyí tó jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, ọ̀pọ̀ ọdún ló kọjá kí òmíràn tó tún jáde. Ilé oúnjẹ, ilé ìtura kékeré àti ẹni tó ń ta akẹtẹ̀ kò lè fi irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ nìkan ṣe ọ̀nà àtijẹ. Ilé tó dúró ni àlejò lè wá wò ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun èyíkéyìí nínú ọdún.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń dá ẹni tó gbé kámẹ́rà dúró pé kó san owó àdúgbò ń lé àlejò sá, a kò ní bò ó mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ yìí kan náà ló mọ ẹni tó kọ́ ilé kọ̀ọ̀kan, ẹni tó kú sínú rẹ̀ àti ọ̀nà àgbàlá tó jáde sí òpópónà kejì. Kí kánsù kọ́ wọn níṣẹ́ amọ̀nà, kó fún wọn ní káàdì ìdánimọ̀, kó sì kọ iye tí àlejò máa san síta, kí ìdílé tó bá ṣílẹ̀kùn ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún wíwò náà máa gba tirẹ̀ nínú owó ọ̀hún.

Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 pé tààrà ni kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sí àpò rẹ̀. Ohun tí a ń béèrè fún kò tilẹ̀ tó owó àga àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn ayẹyẹ kan láti bẹ̀rẹ̀. Kí Ìjọba Ìbílẹ̀ Lagos Island àti kánsù Lagos Island East jùmọ̀ ka gbogbo ilé Àgùdà tó ṣì dúró láàárín wọn, ojúlé dé ojúlé, kí wọ́n lẹ orúkọ wọn mọ́ ara ògiri sẹkitéríàtì níbi tí gbogbo èèyàn ti lè kà á, kí wọ́n sì pe àwọn olórí ẹbí jókòó, kí wọ́n tó ná kọ́bọ̀ kan lórí àríyá oṣù Kejìlá tó ń bọ̀.